Ta ni yóò máa wo Màmá nílé? Àlàyé lórí ìtọ́jú àbẹ̀wò fún àwọn àgbà ní Òṣogbo

Ìpàdé kan náà ni ọ̀pọ̀ ẹbí ń ṣe ní Òṣogbo báyìí, yálà lórí WhatsApp tàbí ní pálọ̀ lẹ́yìn ọdún Iléyá. Màmá ti lé ní 75. Orúnkún ń dùn wọ́n, ìfúnpá wọn ga, wọ́n sì ti yọ̀ ṣubú ní bálùwẹ̀ rí. Ọmọ kan wà ní Èkó, ọ̀kan ní Àbújá, ọ̀kan ní Manchester. Gbogbo wọn ló gbà láti máa fi owó ránṣẹ́. Ibi tí gbogbo wọn ti ń dákẹ́ ni ìgbà tí ẹnìkan bá béèrè pé: ta ni yóò wà níbẹ̀ láago mẹ́fà àárọ̀ tí Màmá bá fẹ́ dìde lórí bẹ́ẹ̀dì?

Tẹ́lẹ̀, ìdáhùn mẹ́ta la mọ̀. Kí Màmá kó lọ sọ́dọ̀ ọmọ, kí wọ́n wá ọmọ ọ̀dọ̀ láti abúlé, tàbí kí ọmọbìnrin tó wà nítòsí fi iṣẹ́ tirẹ̀ sílẹ̀. Ìdáhùn kẹrin ti ń wọlé báyìí: ẹni tó mọṣẹ́ á máa wá bá Màmá nínú ilé wọn, lẹ́ẹ̀kan, lẹ́ẹ̀mejì tàbí lẹ́ẹ̀mẹ́ta lóòjọ́, á ṣe ohun tó yẹ, á sì máa lọ. Bí ara bá le, àbẹ̀wò á dín. Bí àìsàn bá dé, á pọ̀ sí i. Mo gbàgbọ́ pé èyí ló sún mọ́ ohun tí àwọn àgbà wa fẹ́ jù lọ, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ẹbí ló ń sanwó fún un láì mọ ohun tó yẹ kí wọ́n béèrè.

Ohun tí àwọn àgbà fẹ́ kò ṣòroó mọ̀. Ẹni tó ti fi àádọ́ta ọdún gbé ní Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun tàbí Òkè-Báálẹ̀ á fi ìró ẹsẹ̀ mọ ẹni tó ń kọjá lójúde. Ó mọ ẹni tó ń ta ẹ̀kọ gbígbóná, ó mọ mọ́sáláṣí tí wọ́n ti máa ń gbé àga kalẹ̀ fún un, ó mọ ibi tí wọ́n sin ọkọ rẹ̀ sí. Ẹ gbé e lọ sí òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan ní Èkó, níbi tí ọmọ àti ìyàwó ti ń jáde láago márùn-ún ìdájí tí wọn kò ní wọlé títí ilẹ̀ á fi ṣú, kò ní pẹ́ tí á fi máa bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n dá òun padà sí Òṣogbo. Fún àgbà tó ti ń ṣarán, ó tún le ju bẹ́ẹ̀ lọ, torí pé ibi tuntun máa ń dá kún ìdàrúdàpọ̀ ọkàn irú ẹni bẹ́ẹ̀. Nínú ilé rẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ á mọ ọ̀nà ilé ìgbọ̀nsẹ̀ kódà nígbà tó bá ti gbàgbé orúkọ ọmọ.

Ní ti ilé arúgbó, ẹbí tó bá gbé òbí lọ síbẹ̀ nílẹ̀ wa ò ní ṣàì gbọ́ ọ̀rọ̀ lẹ́nu ará àdúgbò. Èmi ò sọ pé ilé arúgbó tó dáa burú. Wọn kò pọ̀ ni, àwọn àgbà fúnra wọn kì í sì í fẹ́ lọ.

Kí ló dé tó jẹ́ ìsinsìnyí ni ọ̀rọ̀ yìí wá gbóná? Agboolé ló ń ṣe iṣẹ́ yìí nígbà kan. Ìyàwó ilé, ọmọ ọmọ, ẹ̀gbọ́n tó ti padà wálé, gbogbo wọn ń wọlé, wọ́n ń jáde, kò sí ẹni tó ń ka wákàtí. Bí òkété bá dàgbà, ọmú ọmọ rẹ̀ ní í mu, ṣùgbọ́n ọmọ ti lọ jìnnà. Ní oṣù kejì ọdún 2022, ìjọba Ìlú Ọba ṣí ọ̀nà físà fún àwọn tó fẹ́ wá ṣe iṣẹ́ ìtọ́jú àgbà, ọ̀pọ̀ ọmọ Nàìjíríà sì gba ibẹ̀ lọ, títí kan tíṣà àti òṣìṣẹ́ báńkì. Láti ọjọ́ 11 oṣù kẹta 2024, wọn ò jẹ́ kí àwọn tó ń gba ọ̀nà yẹn lọ mú ọkọ, aya tàbí ọmọ dání mọ́. Nígbà tó sì di ọjọ́ 22 oṣù keje 2025, wọ́n ti ilẹ̀kùn náà mọ́ àwọn tuntun tó ń bọ̀ láti òkè òkun. Àwọn tó ti wọlé ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́.

Ó ń dùn mí láti sọ èyí. Àwọn ọmọ wa wà lọ́hùn-ún tó mọ bí wọ́n ṣe ń yí àgbà padà lórí bẹ́ẹ̀dì láì jẹ́ kí awọ ara rẹ̀ bó, tó mọ bí wọ́n ṣe ń wẹ̀ ẹ́ láì tú u síhòòhò, tó ń kọ ohun tó jẹ àti ohun tó mu sínú ìwé. Ìyá oníyàá ni wọ́n ń ṣe é fún lójoojúmọ́, ìyá tiwọn sì wà nílé tí kò rẹ́ni ṣe é fún un. Ìmọ̀ yẹn lè padà wálé ká tó rí i pé àwọn tó ní in padà wálé. Ọmọ tó ti ṣe iṣẹ́ yìí nílùú òyìnbó ló yẹ kó máa darí bí wọ́n ṣe ń tọ́jú Màmá nílé, torí ó mọ ohun tó yẹ kó béèrè lọ́wọ́ ẹni tó ń wọlé tọ̀ wọ́n. Ọ̀pọ̀ wọn ò mọ̀ pé àwọn ní àǹfààní yẹn. Owó nìkan ni wọ́n ń fi ránṣẹ́.

Àkókò ni ìpìlẹ̀ gbogbo rẹ̀. Ẹ jẹ́ ká mú ìyá kan tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru àti àtọ̀gbẹ, tó ń dá gbé yàrá méjì nínú ilé bàbá ọmọ rẹ̀. Wọ́n máa ń jí kí àsùbáà tó dé. Bí olùtọ́jú bá dé láago mẹ́sàn-án, nígbà tó rọ̀ ọ́ lọ́rùn láti dé, Màmá á ti dá wọ bálùwẹ̀ lọ, ibẹ̀ gan-an ni àwọn àgbà sì ti máa ń ṣubú. Bí wọ́n bá ti lo oògùn àtọ̀gbẹ tí oúnjẹ ò tètè dé, ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ lè lọ sílẹ̀ débi tí wọ́n á fi dákú. Nítorí náà, aago mẹ́fà àárọ̀ ni àbẹ̀wò tó wúlò fún ìyá yìí: ìwẹ̀, wíwo ẹsẹ̀ bóyá egbò wà níbẹ̀, ẹ̀kọ tàbí ògì pẹ̀lú mọ́ínmọ́ín, lẹ́yìn náà oògùn. Ti ìrọ̀lẹ́ á wá jẹ́ fún oúnjẹ alẹ́, oògùn kejì, iná àti ilẹ̀kùn.

Àkókò yẹn kò sì gbọdọ̀ gan. Bí Ramadan bá dé, àgbà tí dókítà gbà láàyè láti gba ààwẹ̀ á yí oògùn sí ìgbà sàárì àti ìgbà ìṣínu, olùtọ́jú náà á sì yí wákàtí tirẹ̀. Lọ́jọ́ Jímọ̀ tàbí Ọjọ́ Ìsinmi, ohun tí Màmá fẹ́ lè jẹ́ kí ẹnìkan bá wọn wọ aṣọ, kó sì sìn wọ́n dé ibi ìjọsìn. Nígbà ọdún Ọ̀ṣun ní oṣù kẹjọ, tí ọ̀nà tó lọ sí igbó Ọ̀ṣun bá kún fọ́fọ́, ẹni tó ń ti Ògo-Olúwa bọ̀ gbọ́dọ̀ tètè kúrò nílé tàbí kí ẹlòmíràn tó wà nítòsí rọ́pò rẹ̀. Bí ọmọ bá wálé fún ọ̀sẹ̀ méjì, kí àbẹ̀wò dúró díẹ̀, kí owó rẹ̀ náà sì dúró. Bí Màmá bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ilé ìwòsàn dé, kí nọ́ọ̀sì máa wá lójoojúmọ́ fún ọgbẹ́, kó wá di ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀, kó tó dáwọ́ dúró. Àdéhùn tí kò bá gba irú ìyípadà báyìí ò lè pẹ́ kó tó fọ́.

Àwọn òyìnbó tó ti ń ṣe é tipẹ́ ti kọ́ ẹ̀kọ́ yìí lọ́nà tó le. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ìgbà kan wà tí àbẹ̀wò oníṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún gbòde kan: olùtọ́jú á sáré wọlé, á fi búrẹ́dì sílẹ̀, á sáré jáde. Ní 2015, àjọ tó ń là ìlànà ìtọ́jú sílẹ̀ níbẹ̀, ìyẹn NICE, sọ pé àbẹ̀wò kò yẹ kó dín ní ọgbọ̀n ìṣẹ́jú àyàfi ní ìgbà díẹ̀ tó ní ìdí pàtó. Ní orílẹ̀-èdè Netherlands, nọ́ọ̀sì kan tó ń jẹ́ Jos de Blok dá àjọ ìtọ́jú nínú ilé kan tó ń jẹ́ Buurtzorg sílẹ̀ ní 2006. Ọ̀wọ́ nọ́ọ̀sì tí kò ju 12 lọ ló ń mójú tó àdúgbò kọ̀ọ̀kan, àwọn fúnra wọn ló sì ń pín wákàtí láàárín ara wọn pẹ̀lú ẹni tí wọ́n ń tọ́jú. Ohun tí mo fẹ́ràn jù nínú ìlànà yẹn ni pé ojú tí aláìsàn mọ̀ ló ń wọlé tọ̀ ọ́. Òṣogbo tóbi, ṣùgbọ́n àdúgbò kì í tóbi. Nọ́ọ̀sì tó ń gbé ní Jàléyẹmí lè fi ẹsẹ̀ rìn dé ilé àgbà mẹ́rin kí oòrùn tó mú, láì san owó ọ̀kadà. Láti ìgbà tí ìjọba ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní ọjọ́ 29 oṣù karùn-ún 2023, owó ọkọ̀ ti di apá ńlá nínú iye tí àbẹ̀wò ń ná ẹbí. Ẹni tó wà nítòsí dín owó náà kù, ó sì lè sáré dé nígbà tí nǹkan bá ṣẹlẹ̀.

Kí ni ẹni tó mọṣẹ́ máa ń rí tí ará ilé kì í rí? Ìfúnpá tó ń dé 140/90 tàbí tó ń kọjá bẹ́ẹ̀ léraléra nígbà tí Màmá ń sọ pé ara àwọn yá. Oògùn tó yẹ kó ti tán tó ṣì kù síbẹ̀, tó fi hàn pé wọn ò lò ó. Ẹsẹ̀ tó ń wú. Ìtọ̀ tó ń rùn, tí ọ̀rọ̀ sì ń dàrú lẹ́nu àgbà lójijì, tí ẹbí ń pè é ní arán nígbà tó jẹ́ pé àrùn ọ̀nà ìtọ̀ tí oògùn lè wò ni. Ẹnu tó wọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan, apá tí kò lè gbé sókè, ọ̀rọ̀ tó ń wúwo: ìyẹn rọpárọsẹ̀, kò sì sí àyè láti kọ́kọ́ dán àgbo wò. Wákàtí náà ni kí ẹ wọ mọ́tò lọ sí ilé ìwòsàn, yálà ti ìjọba ní Aṣùbíàrò, ilé ìwòsàn ìkọ́ṣẹ́ ìṣègùn UNIOSUN, tàbí Our Lady of Fatima ní Jàléyẹmí, èyí tó bá sún mọ́ yín jù.

Àbẹ̀wò ní ibi tí agbára rẹ̀ mọ. Ẹni tí kò lè yí ara rẹ̀ padà mọ́ gbọ́dọ̀ rí ẹni yí i ní nǹkan bí wákàtí méjì méjì, tọ̀sán tòru, kí egbò má baà yọ sí ìdí tàbí gìgísẹ̀. Ẹni tó ń wá lẹ́ẹ̀mejì lóòjọ́ kò lè dá ṣe ìyẹn. Ó lè kọ́ ará ilé bó ṣe yẹ, kó sì máa yẹ awọ ara wò. Àgbà tó ń ṣarán tó ń ṣílẹ̀kùn jáde lóru náà kọjá àbẹ̀wò. Irú wọn nílò ẹni tó ń sùn tì wọ́n, ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tó ń wá iṣẹ́ sọ fún yín pé kò rí bẹ́ẹ̀.

Ẹnìkan wà tí a kì í sábà dárúkọ nínú ọ̀rọ̀ yìí, ìyẹn ọmọ tó kù nílé. Obìnrin ni lọ́pọ̀ ìgbà. Ó ní ṣọ́ọ̀bù ní Ọjà-Ọba tàbí ó ń kọ́ni níléèwé, ó ti lọ́kọ, ó ti bímọ, òun nìkan ló sì wà nítòsí Màmá. Àwọn àbúrò ń fi owó ránṣẹ́, òun ń fi ara rẹ̀ sí i. Òun ló ń kó pámpásì àgbà dànù, òun ni Màmá ń bínú sí, òun ni wọ́n ń pè láti òkè òkun láti béèrè bí wọ́n ṣe ná owó. Bí nǹkan bá ṣẹlẹ̀, òun ni wọ́n máa bi pé níbo lo wà. Mo ti rí irú àwọn obìnrin bẹ́ẹ̀ tí ẹ̀jẹ̀ ríru tiwọn ga ju ti ìyá tí wọ́n ń tọ́jú lọ. Tí ẹbí bá ń ṣírò owó àbẹ̀wò, kí wọ́n fi tirẹ̀ kún un: ọjọ́ méjì lọ́sẹ̀ tí kò ní débẹ̀ rárá, tí ọjà rẹ̀ á wà ní ṣíṣí. Bí ẹ bá sì gbà pé òun gan-an ni yóò máa ṣe ìtọ́jú náà, ẹ san owó fún un bí ẹ ṣe máa san án fún ẹni ẹlẹ́ni. Kò sí ìtìjú kankan nínú ìyẹn. Owó ọjà rẹ̀ tó ń sọnù kì í padà wá.

Àwọn wo ló ń ṣe iṣẹ́ náà? Nọ́ọ̀sì tó ti fẹ̀yìntì wà níbẹ̀, àwọn ni mo kà sí tó dáa jù, torí ọwọ́ wọn ti mọ́ ara àgbà. Nọ́ọ̀sì tó ń ṣe é mọ́ iṣẹ́ ilé ìwòsàn náà wà, àti àwọn òṣìṣẹ́ ìlera àwùjọ tí a mọ̀ sí CHEW, irú èyí tí wọ́n ń kọ́ ní kọ́lẹ́ẹ̀jì ìmọ̀ ìlera ní Iléṣà. Lẹ́yìn wọn ni ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ tí wọ́n fi ọ̀sẹ̀ díẹ̀ kọ́ṣẹ́, tí àwọn mìíràn kò tilẹ̀ kọ́ ọ rárá. Nọ́ọ̀sì gbọ́dọ̀ ní láísẹ́ńsì Nursing and Midwifery Council tí ọjọ́ rẹ̀ kò tíì kọjá. Ẹ ní kó mú un wá, ẹ kà á. Ẹni tó ń wẹ̀, tó ń se oúnjẹ, tó sì ń fọ aṣọ lè jẹ́ ẹnikẹ́ni, torí ẹnikẹ́ni ló lè pe ara rẹ̀ bẹ́ẹ̀. Irú ẹni yìí ò gbọdọ̀ gún abẹ́rẹ́, ò sì gbọdọ̀ fi rọ́bà ìtọ̀ sí ẹnikẹ́ni lára, bó ti wù kí ó dá ara rẹ̀ lójú tó.

Owó wọn náà yẹ ní sísọ. Owó oṣù tó kéré jù tí ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí ní oṣù keje 2024 jẹ́ ₦70,000, Ọ̀ṣun sì fi tirẹ̀ sí ₦75,000. Ṣùgbọ́n òfin náà kò de ibi iṣẹ́ tí òṣìṣẹ́ rẹ̀ kò tó 25, nítorí náà kò sí ohun tó dáàbò bo ọmọbìnrin tó ń tọ́jú ìyá kan nínú ilé. Ẹni tí ẹ ń san owó táṣẹ́rẹ́ fún láti gbé àgbà tó wúwo sókè kò ní pẹ́ tí á fi lọ, ojú tuntun ni Màmá á sì tún máa rí ní oṣooṣù.

Ìjọba ńkọ́? Òfin tó dá National Senior Citizens Centre, àjọ ìjọba àpapọ̀ fún ọ̀rọ̀ àwọn àgbà, sílẹ̀ ti wà láti 2017. Nígbà ìjọba Rauf Aregbesola, ètò Àgbà Ọ̀ṣun máa ń fún àwọn arúgbó aláìní kan ní ₦10,000 lóṣù. Owó dára, àmọ́ kì í wẹ ènìyàn. Òfin adójútòfò ìlera ti ọdún 2022 sọ ọ́ di dandan kí gbogbo ọmọ Nàìjíríà wà lábẹ́ ètò náà. Ilé ìwòsàn ni ètò adójútòfò yìí dojú kọ jù, nígbà tó jẹ́ pé ẹni tí kò lè sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn ni ọ̀rọ̀ kàn.

Kì í sì í ṣe pé a ò mọ bí wọ́n ṣe ń kan ilẹ̀kùn. Wolé-wolé ń wọ ojúlé ká tó bí ọ̀pọ̀ nínú wa. Nígbà tí Olikoye Ransome-Kuti jẹ́ mínísítà ìlera láàárín 1985 sí 1992, ó fi ilé ìwòsàn alábọ́ọ́dé sí ìdí ètò ìlera, kí òṣìṣẹ́ lè máa jáde lọ bá àwọn ènìyàn níbi tí wọ́n wà. Láti lé àrùn rọmọlápá-rọmọlẹ́sẹ̀ lọ, àwọn òṣìṣẹ́ lọ láti ojúlé dé ojúlé, wọ́n fi ẹfun sàmì sára ògiri ilé tí wọ́n ti dé, títí wọ́n fi kéde ní oṣù kẹjọ 2020 pé Áfíríkà ti bọ́ lọ́wọ́ irú èyí tí wọ́n ń pè ní wild poliovirus, ìyẹn èyí tí kò ti ara àjẹsára wá. Ẹni tó lè ka gbogbo ọmọ ọwọ́ tó wà ní Òkè-Fíà lè ka gbogbo àgbà tó ń dá gbé níbẹ̀. Ohun tí mo ń béèrè lọ́wọ́ ìjọba ìbílẹ̀ Òṣogbo àti Ọlọ́rundá kò ju èyí lọ ní ìbẹ̀rẹ̀: kí wọ́n ní ìwé orúkọ àwọn àgbà tó ń dá gbé, kí òṣìṣẹ́ ìlera kan wọ̀n ìfúnpá wọn lóṣooṣù, kí ìwé orúkọ àwọn olùtọ́jú tí wọ́n ti yẹ̀ wò sì wà tí ẹbí lè lọ wò.

Títí dìgbà yẹn, ẹbí fúnra rẹ̀ ló máa ṣe iṣẹ́ tí òfin kò ṣe. Ẹ gba onídùúró méjì lọ́wọ́ ẹni tí ẹ fẹ́ gbà, kí ẹ sì lọ sí ilé wọn. Ẹ kọ àdéhùn sílẹ̀: wákàtí tó máa dé, ohun tó máa ṣe, iye owó, ta ló ń san owó ọkọ̀, ta ló máa rọ́pò rẹ̀ bí ara rẹ̀ kò bá yá. Ẹ ra ìwé kan sílé tí gbogbo ẹni tó bá wọlé á máa kọ ìfúnpá, oúnjẹ, oògùn àti bí Màmá ṣe rí sínú rẹ̀. Kí ọmọ kan máa ya àwòrán ojú ewé náà ránṣẹ́ sí àwọn yòókù lálaalẹ́. Ẹ má fi káàdì báńkì Màmá sí ọwọ́ olùtọ́jú. Kí aládùúgbò kan tí ẹ fọkàn tán máa yà wọlé láì sọ tẹ́lẹ̀, torí ẹni tó ń fìyà jẹ àgbà kì í ṣe é lójú ènìyàn. Bí ẹ bá rí àpá tuntun lára wọn, tàbí tí Màmá bá ń dákẹ́ nígbà tí olùtọ́jú bá wọlé, ẹ má dúró gbọ́ àlàyé púpọ̀.

Kí ẹ tó ṣe gbogbo èyí, ẹ bi Màmá. Ìyá tó ti bo ara rẹ̀ láti kékeré lè má fẹ́ kí àjèjì wẹ òun, Bàbá sì lè sọ pé ọkùnrin nìkan ló lè rí ìhòòhò òun. Ẹ jẹ́ kí wọ́n rí ẹni náà, kí wọ́n bá a sọ̀rọ̀, kí wọ́n mọ ọmọ ẹni tí í ṣe. Kí ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́ jẹ́ ti ìdánwò, kí ọmọ tó sún mọ́ Màmá jù lọ bi wọ́n ní ìdákọ́ńkọ́ bí wọ́n ṣe rí i. Bí wọ́n bá ní àwọn kò fẹ́ ẹ, ẹ wá ẹlòmíràn kí oṣù tó parí.